Ọ́ìlì Síńtẹ́tíìkì àbí Ọ̀dínárì: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Èyí Tó Bá Ọkọ̀ Yín Mu ní Ìkòròdú

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò máa ń bi ẹni tó ń ta ọ́ìlì ní Sábọ tàbí ní Odogúnyán ni pé èwo ló dára jù, síńtẹ́tíìkì tàbí ọ̀dínárì. Ẹni tí wọ́n bi kì í sábà mọ irú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ dà á sí, kò mọ iye ọdún tí wọ́n ti lò ó, kò sì mọ ọ̀nà tí ó ń tọ̀ lójoojúmọ́. Nítorí náà, ohun tó bá wà lórí igbá ni yóò mú fún wọn. Èrò tèmi ni pé orúkọ náà, síńtẹ́tíìkì tàbí ọ̀dínárì, ni ohun kẹta tó yẹ kí a wò. Nọ́ńbà tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì kọ sílẹ̀ ló ṣáájú, ipò tí ẹ́ńjìnì náà wà lónìí ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni a ó wá mọ̀ bóyá owó síńtẹ́tíìkì tọ́ sí i tàbí kò tọ́ sí i.

Ọ́ìlì ọ̀dínárì, èyí tí wọ́n máa ń kọ “mineral” sí lára, wá tààrà láti inú epo rọ̀bì tí wọ́n fọ̀. Bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó, èérún inú rẹ̀ kì í dọ́gba: àwọn kan tóbi, àwọn kan kéré, àwọn kan sì tètè máa ń bàjẹ́ bí iná bá ń rà wọ́n lára. Síńtẹ́tíìkì pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà kọ́ láti ìpìlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní PAO, tí èérún rẹ̀ sì rí bákan náà. Ìkejì ni epo rọ̀bì tí wọ́n fi gáàsì háídírójìn àti ooru líle tún tò títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Láti 1999 ni wọ́n ti fàyè gbà á ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n máa polówó èyí náà ní síńtẹ́tíìkì, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ gálọ́ọ̀nù tí ẹ ń rí ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí wọ́n kọ “semi-synthetic” sí lára jẹ́ àdàlù. Nítorí pé gálọ́ọ̀nù kì í sábà sọ iye síńtẹ́tíìkì tó wà nínú àdàlù náà, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti san owó ńlá lé e lórí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá nọ́ńbà tí ẹ́ńjìnì yín ń béèrè

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ojú ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda tòkúnbọ̀, nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ gbagada: 5W-30, 5W-20 tàbí 0W-20. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo ìwé kékeré tó máa ń wà nínú pijinhóòlù; bí ẹni tó kọ́kọ́ lo ọkọ̀ náà kò bá fi ìwé sílẹ̀, ẹ lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ ọkọ̀, ọdún rẹ̀ àti bí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti tóbi tó. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú fóònù yín, kí ẹ sì kọ iye lítà tí ẹ́ńjìnì ń gbà mọ́ ọn. Corolla 1.8 ti 2003 sí 2008 ń gba nǹkan bíi lítà 3.7 pẹ̀lú fítà tuntun, Corolla 1.8 ti 2009 sí 2013 ń gba nǹkan bíi lítà 4.2. Ẹni tó bá da gálọ́ọ̀nù lítà 4 tán sínú ti àkọ́kọ́ láìwo géèjì, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó, ti kọjá ààlà, ọ́ìlì tó bá sì pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnì máa ń hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, kò sì ní lè dáàbò bo irin bó ṣe yẹ mọ́.

Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà òtútù. Èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bó ṣe nípọn tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. SAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ló fi òṣùwọ̀n yìí lélẹ̀. Ní centistoke, ìyẹn òṣùwọ̀n bí nǹkan olómi ṣe nípọn tó, ọ́ìlì 30 bẹ̀rẹ̀ láti 9.3, kò sì gbọdọ̀ dé 12.5, ọ́ìlì 50 bẹ̀rẹ̀ láti 16.3, kò sì gbọdọ̀ dé 21.9. Bí ẹ́ńjìnì bá tilẹ̀ gbóná tán, ọ́ìlì 50 ṣì nípọn ju ọ́ìlì 30 lọ dáadáa. Lówùúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, ìyàtọ̀ náà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń jìyà. “Dádì, ẹ jẹ́ ká da 20W-50 sí i, òun ló nípọn, ilẹ̀ wa yìí gbóná.” Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì nìyẹn, kì í sì í ṣe pé wọ́n fẹ́ pa yín lára. Ara Peugeot 504 àti Datsun ni àwọn ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ti mọṣẹ́, àlàfo àárín irin àwọn ẹ́ńjìnì wọ̀nyẹn fẹ̀, 20W-50 sì bá wọn mu. Ẹ́ńjìnì tó ní VVT-i ti Toyota tàbí i-VTEC ti Honda yàtọ̀. Nínú irú wọn, ọ́ìlì kò kàn ń mú kí irin máa yọ̀ lára irin. Òun náà ló ń ti ẹ̀rọ tó ń yí àkókò ṣíṣí àti pípadé fáàfù padà, ó sì ń gba ihò tín-ín-rín àti asẹ́ kékeré kọjá kó tó débẹ̀. Bó bá nípọn jù, yóò pẹ́ kó tó gun òkè ẹ́ńjìnì lówùúrọ̀, ẹ lè gbọ́ ariwo irin fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, iná “check engine” lè tàn, bẹntiróòlù á sì máa lọ ju ti tẹ́lẹ̀.

Ní ti ooru ilẹ̀ wa, tẹ́mósítáàtì ló ń ṣàkóso bí omi inú ẹ́ńjìnì ṣe ń gbóná tó, ì báà jẹ́ ní Ìkòròdú, ì báà jẹ́ ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́. Kí ẹni tí wọ́n bá ti bá yọ tẹ́mósítáàtì dànù, gẹ́gẹ́ bó ti wọ́pọ̀ ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀bù wa, tètè ra òmíràn dá a padà, nítorí ẹ́ńjìnì tí kì í gbóná dé ibi tó yẹ kì í lè gbẹ omi àti bẹntiróòlù tó bá jò wọ inú ọ́ìlì.

Ohun kan wà tó yẹ kí n fi kún un kí n má baà ṣì yín lọ́nà. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún ọkọ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń dárúkọ nọ́ńbà kan tàbí méjì péré, ṣùgbọ́n ìwé tí àwọn ilé iṣẹ́ kan tẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tó móoru máa ń ní àtẹ kan tó gba 15W-40 tàbí 20W-50 láàyè fún àwọn ẹ́ńjìnì kan. Bí ìwé ọkọ̀ tiyín bá gbà á, kò sí àléébù níbẹ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni kí a da 20W-50 sínú gbogbo ọkọ̀ láìwo ìwé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo lẹ́tà API

Lára gálọ́ọ̀nù, ẹ wá lẹ́tà tó tẹ̀ lé API, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà tó ń fi ìpele ọ́ìlì lélẹ̀. S jẹ́ ti ọkọ̀ bẹntiróòlù, C jẹ́ ti dísù. Bí lẹ́tà kejì bá ṣe jìnnà sí A tó ni ọ́ìlì náà ṣe jẹ́ tuntun tó: SN jáde ní 2010, SP ní 2020, SQ ní 2025, ọkọ̀ bẹntiróòlù tó bá sì ń béèrè ti àtijọ́ lè lo ti tuntun, bí nọ́ńbà tí a sọ lókè bá ti bára mu. Ibi tí ewu wà ni àwọn ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ SF tàbí SC/CC sí lára. API fúnra rẹ̀ sọ pé SF kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988. Ẹni tó bá da irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ 2008 ti fi ọ́ìlì tó fi ogún ọdún dàgbà ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì ọ̀dínárì tó ní SN tàbí SP wà lọ́jà, ẹ béèrè rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yẹ ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ wò

Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, ẹ pa á, kí ẹ sì fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ fi àkísà tó mọ́ nù ún, ẹ tì í padà dé ìdí, kí ẹ tó tún un fà yọ. Ojú àmì méjì tó wà lára rẹ̀ ni kí ọ́ìlì wà láàárín. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kìlómítà tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ sì tún un wò lẹ́yìn kìlómítà 1,000. Bí kò bá dín kù tàbí tó dín díẹ̀, ara ẹ́ńjìnì yín le. Bí ẹ bá ní láti bu lítà kan kún un kí ẹ tó rin kìlómítà 1,500, tàbí tí èéfín aláwọ̀ búlúù ń jáde ní sàlẹ́ńsà, ẹ́ńjìnì ti ń jẹ ọ́ìlì, ìyẹn sì yí ìpinnu padà pátápátá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tan inú ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ sì wo abẹ́ ìdérí rẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ wúrà tó ti ṣú díẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n bí nǹkan dúdú bá dì mọ́ irin níbẹ̀ bí àmàlà, àìpààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò ló kó o jọ. Bí ó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ inú ọ́ìlì, ó sì lè jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì ti jó. Ẹ má ra ọ́ìlì kankan kí mẹkáníìkì tó yẹ ìyẹn wò. Ní ti pé ọ́ìlì dúdú lórí géèjì, ẹ má fi ìyẹn nìkan ṣèdájọ́: ọ́ìlì rere máa ń kó ìdọ̀tí mọ́ra, ó sì lè ṣú kí agbára rẹ̀ tó tán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka wákàtí, ẹ má ka kìlómítà nìkan

Láti Ìkòròdú dé Mile 12 kò ju nǹkan bíi kìlómítà 14 lọ. Ẹni tó bá ń ti Agric tàbí Ògólóńtó jáde lójú mọ́ mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè sọ ọ̀nà kékeré yìí di wákàtí méjì. Kìlómítà 14 péré ni ọkọ̀ kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí méjì gbáko ni ẹ́ńjìnì fi ń yí, tí AC ń ṣiṣẹ́, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí i dáadáa, tí ọ́ìlì sì ń gbóná nínú ooru náà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan yóò rin kìlómítà 5,000 ní nǹkan bíi wákàtí 83. Ẹni tó bá jẹ́ pé kìlómítà 15 ló ń rìn ní wákàtí kan yóò lo wákàtí 333 kó tó rin ìwọ̀n kan náà. Kìlómítà wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ẹnì kejì ti ṣiṣẹ́ ìlọ́po mẹ́rin.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí a mú àwọn kìlómítà tí wọ́n ń kọ fún àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà bó ṣe wà. Toyota ní Amẹ́ríkà gbà kí síńtẹ́tíìkì 0W-20 dé máìlì 10,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 16,000, ṣùgbọ́n ìwé kan náà ní kí ẹni tó ń wakọ̀ lójú ọ̀nà eléruku pààrọ̀ rẹ̀ ní máìlì 5,000. Ta ni nínú wa tí eruku ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù, níbi tí tírélà ti ń rọ́ kẹ̀kẹ̀, kì í bá? Ní tèmi, kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́rin ni ó tó fún ọ́ìlì ọ̀dínárì tó dára, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Kìlómítà 8,000 tàbí oṣù mẹ́fà sì tó fún síńtẹ́tíìkì. Kí àwọn tó fi ọkọ̀ wọn ṣiṣẹ́ takisí lórí áàpù, tí wọ́n ń ti òwúrọ̀ dé alẹ́ nídìí ìdarí, dín in kù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbi tí òtútù ti ń mú, bí síńtẹ́tíìkì ṣe ń ṣàn nínú yìnyín ni wọ́n sábà fi ń yìn ín. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kàn wá, nítorí ọyẹ́ Ìkòròdú kì í sún mọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe wá láǹfààní ni pé síńtẹ́tíìkì ń fara da ooru, kì í tètè gbẹ, kì í sì í tètè di ẹrẹ̀ dúdú nínú ẹ́ńjìnì tó dúró sójú kan pẹ́ títí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ṣe ìpinnu

Bí nọ́ńbà ọkọ̀ yín bá jẹ́ 0W-20, ìpinnu ti tán: síńtẹ́tíìkì ni, nítorí ọ̀dínárì pọ́ńbélé kì í lè dé ìwọ̀n yẹn. Bákan náà ni ọkọ̀ tó bá ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì, nítorí ooru ibẹ̀ máa ń sun ọ́ìlì ọ̀dínárì di èédú. Mercedes-Benz, BMW àti Volkswagen tún ní nọ́ńbà ìfọwọ́sí tiwọn, bíi 229.5, Longlife-01 àti 502 00. Èyí tí ìwé ọkọ̀ bá dárúkọ ni kí ẹ wá lẹ́yìn gálọ́ọ̀nù.

Corolla, Camry tàbí Accord tó ń béèrè 5W-30 tàbí 5W-20 ló pọ̀ jù láàárín wa, níbẹ̀ sì ni ìyàn ti wà lóòótọ́. Bí ẹ́ńjìnì bá le, tí kì í jẹ ọ́ìlì, tí ẹ sì ń gba Mile 12 lójoojúmọ́, ẹ ra síńtẹ́tíìkì. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tí ẹ fi ń lọ sọ́jà tàbí ilé ìjọsìn ní òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀dínárì tó ní nọ́ńbà tó tọ́ àti SN tàbí SP ti tó o, kí ẹ ṣáà má jẹ́ kó kọjá oṣù mẹ́rin. Ní ti owó, ìṣirò rẹ̀ kò le: 8,000 tí a bá fi 5,000 pín jẹ́ 1.6. Ẹ ro owó ọ́ìlì, fítà àti iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ fún ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àpapọ̀ ti síńtẹ́tíìkì kò bá ju ìlọ́po 1.6 ti ọ̀dínárì lọ, owó yín dọ́gba, ààbò tó lé ni ẹ jẹ lérè. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ààbò yẹn ni ẹ ń fi owó tó lé rà.

Ẹ́ńjìnì tó ti ń jẹ ọ́ìlì kò nílò síńtẹ́tíìkì olówó ńlá tí yóò jó jáde ní sàlẹ́ńsà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Camry Muscle 2.4 ti 2007 sí 2009, tí jíjẹ ọ́ìlì rẹ̀ wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Toyota fi ṣètò àtúnṣe fún un ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lè lo ọ̀dínárì 10W-30 tàbí 10W-40 tó dára, kó máa wo géèjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì máa tọ́jú owó àtúnṣe pamọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé síńtẹ́tíìkì ló ń ba róbà inú ẹ́ńjìnì àtijọ́ jẹ́; àwọn ti òde òní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó lè fọ ìdọ̀tí tó ti dí ojú ibi tó fẹ́ jò, kí jíjò náà sì wá hàn. Fún ẹ́ńjìnì tó kún fún ẹrẹ̀ dúdú, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dínárì tó dára pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní gbogbo kìlómítà 2,000, pẹ̀lú fítà tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó ronú síńtẹ́tíìkì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ra ojúlówó

Síńtẹ́tíìkì ayédèrú burú ju ọ̀dínárì ojúlówó lọ fíìfíì. Ẹ rà á ní ilé epo tó lórúkọ tàbí lọ́wọ́ aṣojú tí ilé iṣẹ́ náà mọ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Òrùka ọrùn ìdérí gbọ́dọ̀ wà lódindi, ìwé fàdákà abẹ́ ìdérí kò gbọdọ̀ ní àpá gọ́ọ̀mù, nọ́ńbà ìpele àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sì gbọ́dọ̀ hàn ketekete lára gálọ́ọ̀nù. Èyí tí wọ́n bá ṣe ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní àmì MANCAP ti SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí bí ọjà ṣe dára tó. Ẹ yẹra fún ọ́ìlì tí wọ́n ń wọ̀n láti inú dúrọ́ọ̀mù, kódà bí ẹni tó ń tà á bá jẹ́ ará ilé. Bí iye owó síńtẹ́tíìkì kan bá wálẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ gan-an, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Pípààrọ̀ rẹ̀

Ẹ lè ti inú ọ̀dínárì bọ́ sí síńtẹ́tíìkì, ẹ sì lè padà. Àwọn méjèèjì kì í ba ara wọn jà, ìyókù tó bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ kò sì ní ṣe nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kí ẹ sì dúró títí yóò fi máa kán tó-tó. Fítà tuntun ṣe pàtàkì bí ọ́ìlì tuntun; ẹ má gbà kí wọ́n fi bẹntiróòlù fọ ti àtijọ́ dá a padà. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọ́ìlì tuntun pa róbà ẹnu fítà, kí wọ́n sì fi ọwọ́ lásán dè é. Ẹ rí i pé róbà ti àtijọ́ kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì, nítorí bí méjì bá lé ara wọn, gbogbo ọ́ìlì lè tú dànù lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn tí ẹ bá da ọ́ìlì tán, ẹ fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀, ẹ pa á, kí ẹ sì tún wo géèjì. Ẹ kọ ọjọ́, kìlómítà àti irú ọ́ìlì náà sára téèpù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ gún gálọ́ọ̀nù òfìfo náà ní ọ̀bẹ kí ẹ tó jù ú nù, nítorí irú rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe ayédèrú ń wá kiri láti tún rọ nǹkan mìíràn sí. Ní ti kọ́ńdẹ́mù, ìyẹn ọ́ìlì àtijọ́ tí ẹ tú jáde, ẹ bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì àtijọ́ kan, kí ẹ sì gbé e lọ fún wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀bù tó ní dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kó o sí. Ẹ má dà á sílẹ̀ tàbí sínú gọ́tà: omi kànga àti bóríhóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé ń mu ní Ìkòròdú, inú ọ̀sà sì ni gọ́tà wa ń ṣàn lọ.